NÍBO NI EWÚRẸ́ WÀ?
Ẹ̀kọ́ lórí àhunpọ̀ ìtàn, fún àwọn olùkọ́

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí a fẹ́ yẹ ọ̀ràn kan wò tí ó ń yọ àwọn olùkọ́ èdè lẹ́nu, pàápàá jùlọ àwọn tí ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá, ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀ràn náà ni àhunpọ̀ ìtàn, èyíinì ni bí a ti ń so ìṣẹ̀lẹ̀ kan mọ́ òmíràn títí odidi ìtàn yóò fi jáde. Ó wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́. A ń béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ọmọ sì mọ orúkọ gbogbo apá rẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwé àti gègé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n kọ ìtàn kan, a ó rí i pé orúkọ ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

I. OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍ ÀYÉTẸ̀

Èmi tìkára mi jẹ̀bi ọ̀ràn yìí, nítorí náà èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ìlú Àyétẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní èdè Yorùbá, mo kọ apá márùn-ún sí ara pátákó: ìbẹ̀rẹ̀, ìgòkè, òtéńté, ìsọ̀kalẹ̀, ìparí. Mo ya àwòrán òkè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n há a sórí, wọ́n sì ń kà á ní àkàgbà bí ẹni ń ka òǹkà. Inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn ọjọ́ kan tí òun kò lè gbàgbé. Ìwé tí ó lé ní ọgbọ̀n ni mo gbà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì tọ̀: Mo jí. Mo gbàdúrà. Lẹ́yìn náà mo wẹ̀. Lẹ́yìn náà mo jẹun. Lẹ́yìn náà a lọ sí ọjà. Lẹ́yìn náà a padà sílé, mo sì sùn. Ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ìparí wà níbẹ̀. Ìtàn ni kò sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ dá ìwé wọn padà, ọmọkùnrin kan pẹ́ kí ó tó dé. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti ń bi ọmọ, láìrò pé ìtàn ni n ó gbọ́. Ó ní:

“Ẹ má bínú, sà. Ewúrẹ́ wa ni. Ní ìjẹta, ó jẹ iṣu ẹ̀lùbọ́ tí ìyá aládùúgbò wa sá sí orí àpáta. Ìyá náà wá bá bàbá mi jà. Bàbá mi bá ní kí n so ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀. Kò sí okùn mìíràn nílé àfi èyí tí a fi ń di ẹrù mọ́ alùpùpù, òun ni mo fi so ó. Ní òwúrọ̀ yìí wọ́n fẹ́ kó pákí lọ sí ibi tí a ti ń lọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n di àwọn àpò náà dáadáa. Mi ò fẹ́ tú ewúrẹ́ sílẹ̀ kí ìjà má baà tún dé. Mo fi àkísà di ẹrù. Wọ́n bi mí pé ṣé ó le, mo ní ó ti le. Nígbà tí a dé orí afárá, àkísà já, àpò kan bọ́ sínú odò. Bàbá mi dúró, wọ́n wo odò, wọ́n wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo wọ inú omi lọ gbé e. Ohun tí ó jẹ́ kí n pẹ́ nìyẹn, sà.”

Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, kò sí ọmọ kan tí ó wúkọ́ nínú kíláàsì. Mo sì wí fún un pé, “Lọ jókòó, kí o kọ ohun tí o sọ yìí sílẹ̀ fún mi.” Ní àkókò ìsinmi ó gbé e wá. Ohun tí ó kọ ni pé: Mo jí. Mo wẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bá bàbá mi di pákí. Lẹ́yìn náà àpò kan bọ́ sínú odò. Lẹ́yìn náà mo wá sí ilé-ẹ̀kọ́.

Mo bi í pé, “Níbo ni ewúrẹ́ wà?”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Sà, ti ìjẹta ni ewúrẹ́. Kò sí lára ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lónìí.”

Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ ọmọ náà. Ẹnu rẹ̀ mọ àhunpọ̀ ìtàn, etí rẹ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ti gbọ́ ìtàn láti ìgbà tí ó ti wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé èmi olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ ní orúkọ márùn-ún, n kò sì fi hàn án pé ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni orúkọ náà ń pè.

II. “LẸ́YÌN NÁÀ” ÀTI “NÍTORÍ NÁÀ”

Gbogbo ìtàn ni ó ń bá àkókò rìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé ara wọn ni ó di ìtàn. Bí mo bá wí pé, “Baálẹ̀ ṣàìsàn, lẹ́yìn náà òjò rọ̀,” ìròyìn méjì ni mo mú wá, ẹ sì lè gbọ́ wọn tán kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wí pé, “Baálẹ̀ ṣàìsàn, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò parí ìjà ilẹ̀ láàárín ilé méjì, nítorí náà àwọn ọmọ ilé méjèèjì gbé àdá,” ẹ ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ó sì bi mí pé kí ni ó tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó ṣe iṣẹ́ ńlá yìí. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ẹyẹ kì í dédé bà lé òrùlé, ọ̀rọ̀ ni ẹyẹ ń gbọ́.

Ìdí nìyí tí orúkọ tí àwọn onímọ̀ èdè wa fi pè é fi bá a mu púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn rí yóò mọ̀ pé òwú tí a nà gbọọrọ kò tíì di aṣọ, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ìgbà tí òwú mìíràn bá gba àárín rẹ̀ kọjá, tí ó tún padà, tí a sì lù ú kí ó fún, nígbà náà ni ó tó di aṣọ. Ọjọ́ tí ń gorí ọjọ́ ni òwú gbọọrọ. Ìdí tí ó so ohun kan mọ́ èkejì ni òwú ìdábùú. Àwọn ọmọ wa ń mú òwú gbọọrọ wá fún wa, àwa sì ń bi wọ́n pé aṣọ dà.

Ìdánwò kan wà tí ọmọdé pàápàá lè fi mọ ohun tí ó jẹ́ ti àhunpọ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ yọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan kúrò, kí ẹ sì wo ìyókù. Bí a bá yọ ìwẹ̀ kúrò nínú ìtàn ọmọkùnrin yìí, ìtàn kò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ewúrẹ́, kò sí ìdí tí okùn kò fi sí; bí okùn bá wà, kò sí àkísà; bí kò sí àkísà, àpò kò bọ́ sínú odò, ọmọ kò sì pẹ́. Ẹran tí ó jẹ ẹ̀lùbọ́ ní ìjẹta ni ó rẹ ṣòkòtò lónìí.

III. APÁ MÁRÙN-ÚN, GẸ́GẸ́ BÍ A TI RÍ WỌN NÍNÚ ÀLỌ́

Ọ̀rọ̀ apá ìtàn kì í ṣe ohun àná. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì tí ó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ti kọ́ni pé ìtàn tí ó pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, àti pé èyí tí ó ṣáájú ni ó yẹ kí ó bí èyí tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1863 Gustav Freytag, ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde nípa eré orí ìtàgé, ó sì ya ìrísí òkè láti fi ṣàpèjúwe apá márùn-ún eré. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òkè tí a ń yà sí ara pátákó ti wá. Òkè náà kò burú. Ṣùgbọ́n eré ni ó ń wò nígbà tí ó yà á, kì í ṣe àlọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé e ka orí ìtàn tí ọmọ Ìbàràpá lè gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀, kí a wò ó bóyá yóò bá a mu.

Ìbẹ̀rẹ̀. Yánníbo, aya Ìjàpá, kò rí ọmọ bí, ọ̀ràn náà sì ń dùn ún. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kì í ṣe “ní ọjọ́ kan.” Ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ẹnìkan ṣe aláìní tí ó sì ń wá. Bí a kò bá mọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń wá, a kò ní mọ ìgbà tí ó rí i tàbí tí ó sọ ọ́ nù.

Ìgòkè. Ìjàpá tọ babaláwo lọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ pé Yánníbo nìkan ni kí ó jẹ ẹ́. Ìjàpá kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ibi ìkìlọ̀ yìí ni etí gbogbo ọmọ ti ń dìde, nítorí wọ́n mọ Ìjàpá, wọ́n mọ̀ pé wọ̀bìà ni. Ìkìlọ̀ kan àti ìwà kan ti dojú kọ ara wọn, a sì ń dúró wo èyí tí yóò borí. Òórùn àsèjẹ ń ta sánsán lójú ọ̀nà. Gbòǹgbò igi gbé Ìjàpá ṣubú. Ọbẹ̀ dà sí i lọ́wọ́.

Òtéńté. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ibo ni òtéńté wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ní ìgbà tí ikùn Ìjàpá wú ni. Ẹ má ṣe tètè gbà fún wọn. Nígbà tí ikùn wú, ọ̀ràn ti bọ́. Èrè rẹ̀ ni a ń rí. Òtéńté ni ibi tí nǹkan ti lè rí báyìí tàbí kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìjàpá jókòó sí ìdí gbòǹgbò, ọbẹ̀ wà ní ìka rẹ̀, ìkòkò ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń wò ó. Ó lè nu ọwọ́ rẹ̀ sí koríko. Kò nù ún. Ó lá a. Láti ìgbà náà lọ, ìtàn kò lè padà sí ibi tí ó ti wá.

Ìsọ̀kalẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ wú, ó sì sáré padà tọ babaláwo lọ pẹ̀lú orin ẹ̀bẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fo orin náà nítorí pé àkókò kò sí, apá kan àhunpọ̀ ni ó fò. Nínú orin ni ẹlẹ́bi ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń di ẹ̀bi náà ru gbòǹgbò igi. Bi àwọn ọmọ léèrè pé, ṣé gbòǹgbò ni ó jẹ̀bi? Ìbéèrè yìí nìkan tó fún odidi wákàtí kan.

Ìparí. Bí a ti ń parí rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Àwọn kan ní Ìjàpá kú. Àwọn mìíràn ní babaláwo ṣàánú fún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú èyí tí wọ́n gbọ́ nílé wọn wá, kí wọ́n sì jiyàn lórí èyí tí ó bá ohun tí ó ṣáájú mu jù. Ẹni tí kò bá ní ìyá àgbà mọ́ lè wo Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó jọ, tí ó sì jáde ní ọdún 1973.

IV. ÌTÀN TÍ ÒKÈ KAN KÒ TÓ FÚN

Kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ rò pé gbogbo ìtàn ni ó rí bákan náà. Ẹ wo ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú Ìhìnrere Lúùkù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àsè ni òtéńté rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ayọ̀ gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn náà ti yí padà jìnnà sí àsè. Àárín àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni ó wà, níbi tí ọmọ náà ti ronú ara rẹ̀ wò tí ó sì dìde. Kí a sì tún kíyèsí i pé ìtàn náà kò ní ìparí bí a ti ń rò. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìta, baba ń bẹ̀ ẹ́. A kò sọ fún wa bóyá ó wọlé. A fi ìparí sílẹ̀ fún ẹni tí ń gbọ́. Ọmọ tí ó bá rí èyí ti mọ̀ pé òǹkọ̀wé lè mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti ọwọ́ D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew’s College ní Ọ̀yọ́, tí òun náà sì jẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1938 ni Ilé-Ìwé CMS ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí ọmọ bá fẹ́ ya òkè kan ṣoṣo fún ìwé yìí, òkè náà kò ní gbà á. Ó dàbí àwọn òkè Ìbàràpá wa, èyí tí ẹ ó gun ọ̀kan tán kí ẹ tó rí òmíràn. Àkàrà-Oògùn lọ sí ìrìn-àjò nígbà mẹ́ta, ìjà àti ìdáǹdè sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni ó wá so wọ́n pọ̀? Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi àwọn ọmọ nìyẹn. Nígbà méjì àkọ́kọ́, ìfẹ́ ọkàn ara rẹ̀ ni ó gbé ọdẹ náà lọ. Nígbà kẹta, ọba ni ó rán an sí Òkè Lángbòdó pẹ̀lú àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí àǹfààní ìlú. Ẹsẹ̀ kan náà ni ó ń rìn, ṣùgbọ́n ìdí ìrìn ti yí padà. Ìyípadà ìdí yìí ni òwú ìdábùú ìwé náà.

V. ÌDÍ TÍ Ọ̀RÀN NÁÀ FI JU ÌDÁNWÒ LỌ

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí, kí ó rántí sòbìà. Àwọn àgbà ilẹ̀ Ìbàràpá kò tíì gbàgbé rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní Ìgbò-Ọrà láti ọdún 1963, àwọn olùwádìí láti ibẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àrùn yìí ní Ìdèrè àti àwọn abúlé rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Aràn náà lè gùn tó mítà kan, ẹsẹ̀ ni ó sì sábà máa ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àgbẹ̀ a wà nílẹ̀ ní ìgbà iṣẹ́ oko gan-an. Ọmọ a sì pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ.

Ẹ wo bí ìtàn rẹ̀ ti lọ. Ènìyàn mu omi adágún tí kòkòrò tín-ín-tín-ín wà nínú rẹ̀, ọmọ aràn sì wà nínú kòkòrò náà. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́fà kọjá. Ní ìwọ̀n ọdún kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ròrò, ó sì ń jó o bí iná. Nítorí pé ó ń jó o, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú. Nítorí pé ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, aràn tú àìmọye ọmọ sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pọn omi náà lẹ́yìn èyí lè pọn sòbìà ọdún tí ń bọ̀ sínú ìkòkò rẹ̀, láìmọ̀.

Kí ni ó dé tí àwọn baba wa, tí wọ́n gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kò fi tètè rí okùn yìí? Ọdún kan ni ó wà láàárín ìdí àti àbájáde. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣín? Ọ̀pọ̀ gbà pé inú ara ènìyàn ni sòbìà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n rò pé ti ìjẹta ni ewúrẹ́. Kò sí oògùn tí ń pa aràn náà nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ohun tí ó lé e lọ ni pé a mọ ibi tí a ti lè já okùn ìtàn rẹ̀: kí a fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún, kí ẹni tí aràn ń yọ lára rẹ̀ má ṣe wọ odò omi mímu, kí a sì wá omi tí ó mọ́. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní in ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 600,000. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní ọdún 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti tán ní ilẹ̀ wa.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ láti wá ìdí nínú ìtàn, a kò fi àkókò ṣòfò. Ojú tí ó ń wá gbòǹgbò nínú àlọ́ ni yóò wá a nínú àìsàn, nínú gbèsè, nínú ìjà ẹbí, àti nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ń dìbò fún ìlú.

VI. BÍ A Ó TI KỌ́ Ọ

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo ń lò nísinsìnyí, mo sì rí i pé ó so èso ju ti àtijọ́ lọ.

1. Gbígbọ́. Kí olùkọ́ pa àlọ́ kan láìwo ìwé, kí àwọn ọmọ sì gbe orin rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí ó bá dé òtéńté, kí ó dákẹ́, kí ó sì bi wọ́n pé, “Kí ni yóò ṣe? Kí ni ẹ fi mọ̀?”

2. Títò. Kí ó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́jọ inú àlọ́ náà sí ara ìwé pélébé mẹ́jọ, kí ó dà wọ́n rú, kí àwọn ọmọ sì tò wọ́n. Láàárín méjì-méjì kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sí i: “nítorí náà,” tàbí “ṣùgbọ́n.” Èkíní ń ti ìtàn síwájú, èkejì ń gbé ìdènà kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé “lẹ́yìn náà” nìkan ni ó lè wọ ibẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá a lè yọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà dànù.

3. Yíyọ àti yíyí padà. Bí gbòǹgbò kò bá sí lójú ọ̀nà ńkọ́? Bí Yánníbo bá bá ọkọ rẹ̀ lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí yóò yí padà láti ibẹ̀ títí dé ìparí.

4. Sísọ kí a tó kọ. Kí ọmọ méjì-méjì jókòó pọ̀, kí ọ̀kan sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹni tí ń gbọ́ ní: kí ó béèrè nígbà mẹ́ta pé, “Kí ni ó fà á?” Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó kọ ọ́.

5. Orúkọ. Ìgbà yìí ni kí olùkọ́ tó kọ orúkọ apá márùn-ún sí ara pátákó. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ, lẹ́yìn tí a ti bí i. A kì í sọ ọ́ lórúkọ kí a tó wá máa wá a kiri. Kí àwọn ọmọ fi ìka tọ́ka sí òtéńté nínú ìtàn tí wọ́n ti kọ, bí kò bá sì sí, wọn yóò mọ̀ fúnra wọn.

Ní ti èdè, kí a má ṣe bẹ̀rù láti fi Yorùbá kọ́ gbogbo èyí, àní fún ọmọ tí yóò tún ṣe ìdánwò rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tí ó bá ti mọ aṣọ hun, ó lè hun ún pẹ̀lú òwú àwọ̀ mìíràn.

Ní ti títọ́ ìwé wọn, ìmọ̀ràn kan péré. Kí a tó fi gègé pupa gé gbogbo àṣìṣe àkọtọ́, kí a kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kan sí etí ìwé ọmọ: níbo ni ewúrẹ́ wà? Àwọn ọmọ mi mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Ó túmọ̀ sí pé ohun kan wà tí o mọ̀ tí o kò sọ, òun ni ó sì fa ìyókù.

VII. ÌPARÍ

Ó kù kí n sọ bí ọ̀ràn ọmọkùnrin náà ti parí. Ní ọjọ́ kẹta ó mú ìwé rẹ̀ padà wá. Gbólóhùn rẹ̀ kìíní ni pé ewúrẹ́ àwọn kì í wo koríko bí ẹ̀lùbọ́ bá wà nítòsí. Gbólóhùn rẹ̀ ìkẹyìn ni pé bàbá òun kò sọ̀rọ̀ títí àwọn fi dé ibi tí a ti ń lọ pákí. Mo ní kí ó fi ìka lé òtéńté. Mo rò pé orí afárá ni yóò fi í lé. Ó wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ìka rẹ̀ lé ibi tí ó ti kọ ọ́ pé, “Mo ní ó ti le.”

Mo bi í pé kí ni ó dé. Ó ní, “Níbẹ̀ ni mo ti lè sọ òtítọ́, sà.”

N kò kọ́ ọ ní èyí. Ìtàn ni ó kọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ÀWỌN OLÙKỌ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó tẹ̀lé òmíràn àti ohun tí ó ti inú òmíràn wá? Ẹ mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú ìlú yín.

2. Nínú àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ, ẹlòmíràn lè sọ pé òtéńté ni ìgbà tí gbòǹgbò gbé e ṣubú. Kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn?

3. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan láti gbọ́ ìtàn sòbìà tàbí ohun mìíràn tí ó ti dé bá ìlú rí. Kí wọ́n kọ ọ́ láìlo “lẹ́yìn náà” ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

4. Àlọ́ mélòó ni àwọn ọmọ kíláàsì yín mọ̀? Bí kò bá tó márùn-ún, ta ni yóò pa á fún wọn, nígbà wo?